Ta Ló Ni Ọgbà Édẹ́nì? Iṣẹ́ Tí Ìwé Jẹ́nẹ́sísì Gbé Lé Ènìyàn Lọ́wọ́

Ẹsẹ Bíbélì kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sórí, tí wọ́n sì máa ń fà yọ nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan igbó, odò, ẹran àti ilẹ̀. Jẹ́nẹ́sísì orí kìíní, ẹsẹ 28 ni. Níbẹ̀ ni Ọlọ́run ti súre fún ènìyàn pé kí wọ́n máa bí sí i, kí wọ́n gbilẹ̀, kí wọ́n ṣe ìkáwọ́ ayé, kí wọ́n sì jọba lórí ẹja, ẹyẹ àti gbogbo ohun alààyè tó ń rìn lórí ilẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gé igbó run á ní Ọlọ́run ló fún òun láṣẹ. Ẹni tí inú ń bí nítorí bí ayé ṣe ń bàjẹ́ á ní ẹsẹ yìí gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀. Àwọn méjèèjì ka ẹsẹ kan ṣoṣo, wọ́n sì pa ìwé dé.

Mo fẹ́ kí a ṣí ìwé náà padà, kí a ka ohun tó ṣáájú ẹsẹ yẹn àti ohun tó tẹ̀ lé e. Ìtàn ìṣẹ̀dá àwọn Hébérù kò sọ ènìyàn di onílé ayé. Ó fún un ní ipò, ó fún un ní iṣẹ́, ó sì pa ààlà fún un. Onílẹ̀ kò kúrò lórí ilẹ̀ rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tó máa ń rú ènìyàn lójú ni pé ìtàn méjì ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan. Èkíní bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé títí dé orí kejì ẹsẹ kẹta: ọjọ́ mẹ́fà iṣẹ́, ọjọ́ keje ìsinmi. Èkejì bẹ̀rẹ̀ ní orí kejì ẹsẹ kẹrin, òun ló ní ọgbà Édẹ́nì, Ádámù àti Éfà nínú. Nínú èkíní, igi àti ẹranko ti wà kí ènìyàn tó dé. Nínú èkejì, ènìyàn ni a kọ́kọ́ mọ, kí igi ọgbà tó hù, kí a tó mọ ẹranko. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ Bíbélì gbà pé ọwọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló kọ wọ́n, pé àwọn àlùfáà ló kọ èkíní. Ẹni tó kó wọn pọ̀ kò gbìyànjú láti lọ̀ wọ́n pọ̀ di ọ̀kan. Ó tò wọ́n tẹ̀ léra, ó sì fẹ́ kí a gbọ́ àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá fi ti àkọ́kọ́ ṣe gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti ju ìdajì nù.

Ẹni tó dé kẹ́yìn

Nínú ìtàn àkọ́kọ́, ẹ wo ibi tí ènìyàn bọ́ sí. Ìmọ́lẹ̀ ti wà, ilẹ̀ gbígbẹ ti yọ, koríko àti igi eléso ti hù, oòrùn àti òṣùpá ti ń tàn, ẹja ti kún inú omi, ẹyẹ ti ń fò. Ọjọ́ kẹfà ni a dá ènìyàn, kò sì ní ọjọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀: ọjọ́ kan náà ni a dá ẹran ọ̀sìn, ẹranko igbó àti ohun tó ń rákò. Kí ènìyàn tó yọjú rárá, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ìwé náà ti sọ pé Ọlọ́run wò ó, ó sì rí i pé ó dára. Igi ti dára kí ẹnikẹ́ni tó là á fi ṣe pákó. Ẹja ti dára kí ẹnikẹ́ni tó da àwọ̀n sí omi. Ẹ̀ẹ̀keje, níbi tí a ti ní ó dára gidigidi, dé lẹ́yìn tí a dá ènìyàn tán, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí Ọlọ́run dá ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí, kì í ṣe ènìyàn nìkan.

Ọjọ́ karùn-ún tún ní nǹkan kan tí ojú máa ń fò. Ní ẹsẹ 22, Ọlọ́run súre fún ẹja àti ẹyẹ: ó ní kí wọ́n máa bí sí i, kí ẹja kún inú omi òkun, kí ẹyẹ sì pọ̀ lórí ilẹ̀. Irú ìre yẹn ni a tún sú fún ènìyàn ní ọjọ́ kẹfà. Ẹja ló kọ́kọ́ gbà á. Kò sí ibì kankan nínú orí náà tí a ti gba ìre náà padà lọ́wọ́ ẹja. Bí ènìyàn bá wá gbilẹ̀ débi pé odò kan kò ní ẹja mọ́, ìre kan ti pa ìre kejì, èmi kò sì rí bí a ṣe lè pe ìyẹn ní ìgbọràn sí ẹsẹ 28.

Àwọn rábì ìgbàanì, àwọn olùkọ́ òfin àwọn Júù, náà kíyè sí i pé ìgbẹ̀yìn ni ènìyàn dé. Nínú Támúdì, ìwé ńlá tí a kó ẹ̀kọ́ àti àríyànjiyàn wọn jọ sí, wọ́n béèrè ìdí tó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn gbogbo nǹkan ni a dá Ádámù. Ọ̀kan nínú ìdáhùn wọn ni pé kó lè jẹ́ pé, bí ìgbéraga bá wọ̀ ọ́ lára, a ó lè sọ fún un pé ẹ̀fọn ṣáájú rẹ dé ayé.

Ère ọba

Ẹsẹ 26 àti 27 ní ní àwòrán Ọlọ́run ni a dá ènìyàn, àti ọkùnrin àti obìnrin. Ọ̀pọ̀ ìwàásù ti sọ pé ọkàn ni èyí túmọ̀ sí, tàbí òye, tàbí ohùn tí a fi ń sọ̀rọ̀. Ó ṣeé ṣe kí gbogbo rẹ̀ ní òtítọ́ díẹ̀ nínú. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní ayé ìgbà yẹn, ère ọba ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ní 1979, wọ́n hú ère ọba kan jáde ní Tell Fekheriye, ní àríwá ìlà-oòrùn Síríà, èyí tí wọ́n gbẹ́ ní ọ̀rúndún kẹsàn-án ṣáájú ìbí Jésù. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí i lára ní èdè Ásíríà àti ní èdè Árámáíkì. Ọ̀rọ̀ méjì tí apá Árámáíkì fi pe ère náà bá ọ̀rọ̀ méjì tí Jẹ́nẹ́sísì 1:26 lò fún "àwòrán" àti "ìrí" tan: orírun kan náà ni wọ́n ti wá. Ọba ayé ìgbà yẹn máa ń gbé ère ara rẹ̀ sí ibi tí òun fúnra rẹ̀ kò sí, kí gbogbo ènìyàn lè mọ ẹni tó ni ìjọba níbẹ̀.

Ní Ásíríà àti ní Íjíbítì, ọba ni wọ́n máa ń pè ní àwòrán òrìṣà. Jẹ́nẹ́sísì mú oyè yẹn, ó fi dé gbogbo ọmọ ènìyàn lórí, obìnrin àti ọkùnrin, ọlọ́lá àti mẹ̀kúnnù. Ohun ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mọ ìwọ̀n rẹ̀: ẹni tó jẹ́ àwòrán ọba ń dúró fún ọba ni. Aṣojú ni. Bí aṣojú bá ń ṣe ohun tí ẹni tó rán an kò jẹ́ ṣe, oyè náà ń ta kò ó.

Bóyá "jọba" le

Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, "jọba" ni wọ́n lò ní ẹsẹ 28. Àwọn oníwàásù kan lónìí ń gbìyànjú láti rọ ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ní kò ju ìtọ́jú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lọ ní èdè Hébérù. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ líle ni. Ọ̀rọ̀ Hébérù tí a túmọ̀ sí "ṣe ìkáwọ́" pàápàá le jù ú lọ: òun ni ìwé Jóṣúà 18:1 lò nígbà tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ṣẹ́gun ilẹ̀ náà tí ó sì wà níkàáwọ́ wọn. Kò yẹ kí a fi irọ́ gbèjà Bíbélì.

Ohun tó yẹ ká béèrè ni irú ìjọba tí ìwé náà ń fẹ́. Ọ̀rọ̀ Hébérù tí a túmọ̀ sí "jọba" yìí tún wáyé ní Léfítíkù 25:43, níbi tí a ti pàṣẹ fún ẹni tí arákùnrin rẹ̀ tálákà ta ara rẹ̀ fún pé kò gbọdọ̀ fi ìrorò jọba lé e lórí. Ó wáyé ní Ísíkíẹ́lì 34:4, níbi tí Ọlọ́run ti ń bínú sí àwọn olùṣọ́-àgùntàn Ísírẹ́lì: wọn kò mú aláìlera lára le, wọn kò di egbò èyí tó ṣẹ́, wọn kò wá èyí tó sọnù, ipá àti ìkà ni wọ́n fi jọba. Ó sì wáyé ní Orin Dáfídì 72:8, nípa ọba rere, ẹni tí yóò gba tálákà tó ń ké, tí wíwá rẹ̀ yóò rí bí òjò lórí koríko tí a ti gé. Nítorí náà, àwọn tó ni ìwé yìí mọ̀ dájú pé ìjọba méjì ló wà, wọ́n sì mọ èyí tí Ọlọ́run ń bínú sí. Òfin ọba tó wà ní Diutarónómì 17 tún sọ ọ́ kedere: ọba kò gbọdọ̀ kó ẹṣin jọ, kò gbọdọ̀ kó fàdákà àti wúrà jọ fún ara rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, ó sì gbọdọ̀ máa ka òfin lójoojúmọ́ ayé rẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ má baà gbé ga ju àwọn arákùnrin rẹ̀ lọ. Irú ọba yẹn ni "jọba" inú Jẹ́nẹ́sísì gbọ́dọ̀ bá mu.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ kò sì jìnnà. Ẹsẹ tó tẹ̀ lé e gan-an ni. Ní ẹsẹ 29, kété lẹ́yìn tí a fi ènìyàn jọba lórí ẹranko, Ọlọ́run sọ ohun tí ènìyàn yóò máa jẹ: ewéko tó ń so èso àti igi tó ní èso nínú. Ní ẹsẹ 30, Ó sọ ti ẹranko àti ẹyẹ: ewéko tútù. Ẹran kò sí lórí tábìlì. Ọba yìí kò ní àṣẹ láti jẹ ẹnìkan nínú àwọn tó ń jọba lé lórí, oúnjẹ wọn pàápàá sì ní ìpín tí a yà sọ́tọ̀ tí kò gbọdọ̀ kó mọ́ tirẹ̀. Ẹ tún un kà bí ó bá yà yín lẹ́nu. Ìgbà tí ìkún-omi Nóà ti kọjá, ní Jẹ́nẹ́sísì 9:3, ni àṣẹ láti jẹ ẹran ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹsẹ tó ṣáájú rẹ̀ sì sọ pé ìbẹ̀rù ènìyàn yóò wà lára ẹranko gbogbo. Ìwé náà kò kọ ọ́ bí ìlọsíwájú. Ó kọ ọ́ bí ohun tí a fàyè gbà lẹ́yìn tí ayé ti bàjẹ́, ó sì tún fi ààlà sí i lójú ẹsẹ: ẹ̀jẹ̀ kò gbọdọ̀ di jíjẹ.

Òjò àti ẹni tí yóò ro ilẹ̀

Ìtàn kejì ni mo fẹ́ràn jù, nítorí àgbẹ̀ ló ń sọ ọ́. Ẹ gbọ́ bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀, ní orí kejì ẹsẹ karùn-ún: igi ìgbẹ́ kankan kò tíì sí, ewéko kankan kò tíì hù, nítorí nǹkan méjì ni kò sí. Òjò kò tíì rọ̀, kò sì sí ènìyàn tí yóò ro ilẹ̀. Ẹni tó lè bẹ̀rẹ̀ ìtàn ayé báyìí ti dúró lójú oko rí, ó ti wo ojú ọ̀run.

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí fún àwọn ará Ísírẹ́lì ìgbàanì. Orí òkè olókùúta ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé. Wọn kò ní odò ńlá bíi Náílì tàbí Yúfírétì tí wọ́n lè fa omi rẹ̀ wọ oko. Wọ́n máa ń fi òkúta mọ ògiri sí ẹ̀gbẹ́ òkè kí erùpẹ̀ má baà ṣàn lọ, wọ́n ń gbẹ́ kòtò sínú àpáta láti gba omi òjò pamọ́. Òjò àkọ́rọ̀ máa ń dé nígbà tí wọ́n bá fẹ́ túlẹ̀, ní nǹkan bí oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá, òjò ìkẹyìn sì máa ń rọ̀ nígbà tí ọkà fẹ́ gbó, ní oṣù kẹta sí ìkẹrin. Bí ọ̀kan bá kùnà, ìyàn ló kù. Ní 1908, wọ́n rí òkúta pẹlẹbẹ kékeré kan ní Gésérì, ìlú àtijọ́ kan ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì, òkúta tó ti wà láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹwàá ṣáájú ìbí Jésù. Iṣẹ́ oko ni wọ́n fi ka oṣù lára rẹ̀: oṣù méjì ìkórè, oṣù méjì ìfúnrúgbìn, oṣù méjì ìfúnrúgbìn ẹ̀yìn, oṣù kan fún ọ̀gbọ̀, oṣù kan fún ọkà báálì, oṣù kan fún ìkórè ọkà àti wíwọ̀n ọn, oṣù méjì fún títọ́jú àjàrà, oṣù kan fún èso ẹ̀ẹ̀rùn. Ọdún pé. Àwọn tí ọdún wọn rí báyìí ló ń sọ pé erùpẹ̀ ilẹ̀ ni a fi mọ ènìyàn.

Láti inú ilẹ̀ kan náà ni igi ọgbà ti hù, ní ẹsẹ kẹsàn-án. Láti inú ilẹ̀ kan náà ni a tún ti mọ ẹranko àti ẹyẹ, ní ẹsẹ 19. Ènìyàn, igi àti ẹran jọ jẹ́ ọmọ erùpẹ̀. Ohun tí ènìyàn fi yàtọ̀ nínú orí yìí ni èémí tí Ọlọ́run mí sí i nímú, àti iṣẹ́ tí a gbé lé e lọ́wọ́.

Ẹsẹ 15 ló sọ iṣẹ́ náà: OLÚWA Ọlọ́run mú ọkùnrin náà, ó fi í sínú ọgbà láti máa ro ó àti láti máa ṣọ́ ọ. Ro, kí o sì ṣọ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ìtàn yìí ní kí ènìyàn máa ṣe sí ayé, ẹsẹ yìí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ há sórí kẹ́ ẹ tó há 1:28. Ríro nìkan kò tó, nítorí ẹni tó bá ń ro ilẹ̀ láìṣọ́ ọ lè ro ó títí tí agbára inú rẹ̀ á fi tán. Ìṣọ́ nìkan náà kò tó: ọgbà náà ń fẹ́ ọwọ́ ènìyàn, kì í ṣe pé kí a yí i ká lọ́gbà kí a sì máa wò ó láti òkèèrè. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí tún jọ wáyé pọ̀ ní Númérì 3:7-8, nípa iṣẹ́ àwọn ọmọ Léfì nínú àgọ́ ìpàdé. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ, kí ohun mímọ́ má baà bàjẹ́. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ibi mímọ́ ni ẹni tó kọ ìtàn náà ka ọgbà náà sí, pé Ádámù jẹ́ bí àlùfáà inú rẹ̀. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, pàápàá nígbà tí a bá dé orí kẹta ẹsẹ 24 tí a rí i pé lẹ́yìn tí a lé ènìyàn jáde, àwọn kérúbù ni a fi síbẹ̀ láti máa ṣọ́ ọ̀nà igi ìyè. Iṣẹ́ ìṣọ́ bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn, a sì fi ẹlòmíràn sí i.

Àṣìṣe kan wà tó gbilẹ̀ gan-an, àfi ká tú u palẹ̀: pé iṣẹ́ oko jẹ́ ègún, pé inú ìgbádùn lásán ni Ádámù wà tẹ́lẹ̀. Rárá o. Orí kejì ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, orí kẹta ni ègún dé. Nígbà tí ègún sì dé, ilẹ̀ ni a fi gégùn-ún nítorí ènìyàn: ẹ̀gún àti òṣùṣú hù, òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́. Iṣẹ́ kò yí padà, ó kàn wá nira. Nígbà tí a lé Ádámù jáde, ní 3:23, ohun tí a ní kó lọ ṣe náà ni kó máa ro ilẹ̀ tí a ti mú un jáde wá.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí àti ìtàn àwọn ará Bábílónì tún jọ mí lójú. Nínú ìtàn Atrahasis, àwọn òrìṣà kékeré ló ń gbẹ́ ipa odò, ó sú wọn, wọ́n dáná sun irinṣẹ́ wọn, ni wọ́n bá dá ènìyàn kó lè gba ìyà iṣẹ́ náà jẹ. Nínú Jẹ́nẹ́sísì, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló gbin ọgbà náà, ní 2:8. Iṣẹ́ tí Òun alára ti fi ọwọ́ kàn ló gbé lé ènìyàn lọ́wọ́.

Títí dé inú ọkọ̀ Nóà

Ìtàn náà kò dúró ní Édẹ́nì. Ọmọ Ádámù kan, Kéènì, jẹ́ àgbẹ̀, ó ro ilẹ̀. Ó pa àbúrò rẹ̀ lójú oko. Nígbà tí Ọlọ́run bi í léèrè, ó ní ṣé òun ni olùṣọ́ arákùnrin òun ni? Ọlọ́run dá a lóhùn pé ẹ̀jẹ̀ àbúrò rẹ ń ké láti inú ilẹ̀, ilẹ̀ kò sì ní fún ọ ní agbára rẹ̀ mọ́. Ọ̀nà kan náà ni ìwàkíwà ènìyàn sí ènìyàn àti ìbàjẹ́ ilẹ̀ ń gbà nínú ìwé yìí. Wọn kì í ya ara wọn.

Nóà ló wá ṣe ohun tí "jọba" túmọ̀ sí ní ti gidi. A ní kó mú ẹranko lóríṣìíríṣìí wọ ọkọ̀ láti pa wọ́n mọ́ láàyè, kó sì kó oúnjẹ tiwọn pẹ̀lú tirẹ̀. Kì í ṣe èyí tó wúlò fún un nìkan: ẹran aláìmọ́ wọlé, ẹyẹ ìwò wọlé. Nígbà tí omi sì fà, májẹ̀mú tí Ọlọ́run dá ní 9:9-10 kò dá Nóà àti ọmọ rẹ̀ nìkan mọ́ra. Ẹyẹ, ẹran ọ̀sìn àti ẹranko igbó wà nínú rẹ̀, a sì tún un sọ léraléra títí dé ẹsẹ 17, bí ẹni pé òǹkọ̀wé mọ̀ pé a ó fẹ́ gbàgbé.

Ìṣákọ́lẹ̀

Òfin Mósè fi ara ìtàn yìí hàn nínú ìgbésí ayé. Màlúù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ gbọ́dọ̀ sinmi ní ọjọ́ keje, Ẹ́kísódù 23:12. A kò gbọdọ̀ di màlúù tó ń pa ọkà lẹ́nu, Diutarónómì 25:4. Bí ènìyàn bá rí ìtẹ́ ẹyẹ tí ìyá bà lé ẹyin tàbí ọmọ, kó jẹ́ kí ìyá lọ, Diutarónómì 22:6-7. Ilẹ̀ pàápàá ní ọdún ìsinmi tirẹ̀, ọdún keje, tí a kò ní fúnrúgbìn, ohun tó bá dá hù níbẹ̀ sì jẹ́ ti tálákà àti ti ẹranko. Àwọn Júù kan ní Ísírẹ́lì ṣì ń pa á mọ́. Ọdún ìsinmi ilẹ̀ tó kọjá gbẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ ní 2021, ó parí ní 2022. Ìwé Kíróníkà kejì pàápàá sọ pé nígbà tí wọ́n kó àwọn ènìyàn lọ sí ìgbèkùn Bábílónì, ilẹ̀ sinmi títí ó fi gba gbogbo ìsinmi tí wọ́n jẹ ẹ́.

Ìdí rẹ̀ wà ní Léfítíkù 25:23. Ọlọ́run ní a kò gbọdọ̀ ta ilẹ̀ títí láé, nítorí tèmi ni ilẹ̀, àlejò àti àtìpó ni yín lọ́dọ̀ mi. Ẹni tó mọ ìṣákọ́lẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá kò ní pẹ́ lóye rẹ̀. Àjòjì tó gba ilẹ̀ oko lọ́wọ́ ìdílé onílẹ̀ lè ro ó, kó gbin iṣu àti àgbàdo sí i, kó jẹ, kó tà, kó fi tọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ó ń gbé ìṣákọ́lẹ̀ lọ fún onílẹ̀, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé ilẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, kò sì lè tà á. Ipò tí Léfítíkù fi Ísírẹ́lì sí nìyẹn.

Ẹnìkan lè ní Orin Dáfídì 115:16 sọ pé ọ̀run jẹ́ ti OLÚWA ṣùgbọ́n ayé ni Ó fi fún ọmọ ènìyàn. Ó tọ́, ó wà níbẹ̀. Orin Dáfídì 24 sì ní ti OLÚWA ni ilẹ̀ àti ẹ̀kún rẹ̀. Àwọn rábì fi ẹsẹ méjèèjì kojú ara wọn nínú Támúdì, wọ́n sì rí ìdáhùn kan tó dùn mọ́ mi: kí ènìyàn tó dúpẹ́, ti Ọlọ́run ni, lẹ́yìn tó bá ti dúpẹ́ ni a tó fi fún un. Wọ́n ní ẹni tó bá jẹ nínú ohun ayé yìí láìdúpẹ́ dà bí ẹni tó fi ohun mímọ́ ti tẹ́ńpìlì ṣe ti ara rẹ̀.

Ta ló wá ba ayé jẹ́?

Ní oṣù kẹta ọdún 1967, Lynn White, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó jẹ́ onímọ̀ ìtàn sànmánì àárín, kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn Science. Ó ní ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Kristi ní Ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù, pé nítorí ènìyàn ni gbogbo nǹkan ṣe wà, ní ẹ̀bi tó pọ̀ nínú bí ayé ṣe ń bàjẹ́. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí títí dòní. Lójú mi, ó jàre lórí ohun tí àwọn ènìyàn fi ẹsẹ náà ṣe. Francis Bacon, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, ti kọ ọ́ ní 1620 pé nígbà tí ènìyàn ṣubú ní Édẹ́nì, ó pàdánù ìjọba rẹ̀ lórí ìṣẹ̀dá, àti pé ìmọ̀ àti iṣẹ́ ọnà lè gba apá kan rẹ̀ padà. Nínú irú èrò bẹ́ẹ̀, "jọba" ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ "ṣọ́". Ṣùgbọ́n ohun tí ìwé náà fúnra rẹ̀ sọ kọ́ nìyẹn, àwọn tó kà á tẹ́lẹ̀ rí kò sì gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. White kò ní kí a pa ẹ̀sìn tì. Ó ní kí a fi Francis ti Assisi, ẹni mímọ́ ìjọ Kátólíìkì kan láti Ítálì, ṣe alágbàwí àwọn tó ń gbèjà ìṣẹ̀dá, Póòpù John Paul Kejì sì kéde rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní 1979. Ní 2015, nínú ìwé tí Póòpù Francis kọ nípa ayé, ẹsẹ "ro ó, kí o sì ṣọ́ ọ" ló gbé kalẹ̀ láti tako àwọn tó ń fi 1:28 ṣe àwáwí.

Ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ lẹ́yìn àlàyé yìí ni pé: ṣé a kò wá gbọdọ̀ gé igi mọ́ ni? Ìwé náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Diutarónómì 20:19-20 ní bí ogun bá dó ti ìlú kan fún ìgbà pípẹ́, a kò gbọdọ̀ fi àáké gé igi eléso rẹ̀ lulẹ̀. Igi tí a mọ̀ pé kì í so èso jíjẹ ni a lè gé láti fi ṣe ohun ìjà. Bí a kò bá gbọdọ̀ ṣe é lójú ogun, nígbà tí gbogbo nǹkan ń di àfiṣòfò, ìgbà wo la ó wá rí àyè ṣe é? Àwọn rábì fẹ ọ̀rọ̀ náà lójú. Nígbà tí Maimonides, rábì ńlá kan, kó òfin àwọn Júù jọ ní ọ̀rúndún kejìlá, ó ní ẹni tó ń fọ́ ohun èlò, tó ń ya aṣọ, tó ń wó ilé, tó ń dí ìsun omi, tàbí tó ń fi oúnjẹ ṣòfò láìnídìí ti rú òfin yìí. Ó gbà pé a lè gé igi eléso bí ó bá ń ba igi mìíràn jẹ́, tàbí bí iye tí pákó rẹ̀ yóò pa bá ju ti èso rẹ̀ lọ. Igi tó ti darúgbó ńkọ́, tí èso rẹ̀ kò tó nǹkan mọ́? Wọ́n ti fi òṣùwọ̀n dáhùn ìyẹn náà. Òṣùwọ̀n náà ń jẹ́ kábù, kò ju nǹkan bíi lítà méjì lọ. Igi ólífì tó bá ṣì ń so ìdá mẹ́rin kábù kan, a kò gbọdọ̀ gé e. Ọ̀pẹ déètì tó bá ṣì ń so kábù kan, ẹ fi í sílẹ̀.